Wọ́n ń yin kéèkì mi lórí Instagram, wọn ò rà á. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ilé ni mo ti ń ṣe kéèkì àti mííìtì páì ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí. Àwọn ará àdúgbò ló ń rà á. Àbúrò mi ló ní kí n gbé e sórí Instagram, ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Wọ́n á tẹ ọkàn pupa sí i, wọ́n á béèrè iye tó jẹ́. Bí mo bá ti dá wọn lóhùn, wọ́n á bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n ṣe alájà méjì fún ọjọ́ ìbí ọmọ òun. Mi ò gba àsansílẹ̀ (ẹ má bú mi). Mo ti fọ́ ẹyin méjìlá sí ìyẹ̀fun kó tó pa fóònù. Àwa àtàwọn ọmọ la jẹ kéèkì yẹn títí ó fi sú wa.

Ṣé kí n máa kọ iye owó sábẹ́ àwòrán ni? Mo lè gbé e sórí status WhatsApp, àmọ́ kì í ju wákàtí 24 lọ kó tó pòórá. Ṣé catalogue inú WhatsApp Business (ibi tí wọ́n ń to àwòrán ọjà àti iye owó rẹ̀ sí) ń mú oníbàárà wá lóòótọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó ìpolówó lórí Facebook, tẹ́ ẹ sì ní kí àwọn ará Ìbàdàn nìkan rí i, èló lẹ fi bẹ̀rẹ̀?

Ti àwòrán náà ń kọ́? Alẹ́ ni mo máa ń parí iṣẹ́, iná gílóòbù sì ń sọ àísìn funfun mi di aláwọ̀ bọ́tà. Ṣé kí n dúró di àárọ̀ kí n tó yà á?