Ṣé abo gẹ́kò méjì lè jọ gbé inú táǹkì kan?

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa bi mí pé kí ni mo ń fi ọmọọ́lé ṣe nínú yàrá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ nílùú òyìnbó á mọ bó ṣe ń rí. Láti ọdún tó kọjá ni àwọn ìbejì mi ti ń sin leopard gecko kan, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Abo ni. Kẹ́hìndé wá ní òun fẹ́ tòun lọ́tọ̀, Táíwò ní èyí tó wà ńlẹ̀ nìkan ló ń dá gbé, àánú ẹ̀ ń ṣe é. Ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ẹranko ní tó bá ti jẹ́ abo àti abo, kò séwu, kí n kàn gbé e sínú táǹkì tó wà ńlẹ̀. Yàrá wọn ò tóbi, owó iná náà ò rọrùn. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti sìn ín rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó.

Bọ̀dá Peckham

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Abo méjì ló wà lọ́dọ̀ wa, inú táǹkì kan náà ni wọ́n wà, mi ò rí ìjà rí. Kódà orí ara wọn ni wọ́n máa ń sùn. Èyí tó tóbi á gun èyí tó kéré lẹ́yìn, wọ́n á wá sùn lọ fọnfọn. Akọ méjì ni kí ẹ má dán wò.

Àǹtí Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ilé ìwòsàn ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń gbé irú àwọn afàyàfà yìí wá bá wa. Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ má kó wọn pọ̀. Bọ̀dá Peckham, mi ò bá yín jà o, àmọ́ ohun tí ẹ kọ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ti akọ ò gba àlàyé púpọ̀. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan náà. Akọ leopard gecko méjì á jà, bó pẹ́ bó yá. Wọ́n á bu ara wọn jẹ lọ́rùn àti nídìí ìrù, ìrù á já, ìgbà míì ọ̀kan á kú sí i. Ìrù tó bá já á hù padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọ̀rá tó ti kó jọ síbẹ̀ ti bá a lọ nìyẹn.

Ti abo ló ń tan èèyàn jẹ, torí ìjà tiwọn kì í pariwo. Ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta ni leopard gecko ti wá, lápá Afghanistan, Pakistan àti àríwá ìwọ̀ oòrùn Íńdíà. Lọ́hùn-ún, ó lè bá òmíràn pàdé nínú ihò àpáta, ṣùgbọ́n èyí tí kò bá fẹ́ wàhálà á gbéra ńlẹ̀, á wá ihò míì lọ. Nínú táǹkì, ibo ló fẹ́ gbà? Èyí tó lágbára jù á gba ibi tó gbóná, òun náà ló máa kọ́kọ́ dé ìdí oúnjẹ, èkejì á máa sá kiri. Bẹ́ẹ̀, gẹ́kò kì í mú ara rẹ̀ gbóná fúnra rẹ̀ bíi tiwa. Ibi gbígbóná tó bá jókòó sí ló fi ń da oúnjẹ. Èyí tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ lè jẹ ìrẹ̀ yó kí oúnjẹ náà má dà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí èèyàn kì í fi í tètè mọ̀: ẹ rí i tó jẹun, ọkàn yín balẹ̀, ó sì ń rù lọ.

Bọ̀dá mi, bí èyí tó tóbi ṣe ń gun èkejì lẹ́yìn yẹn, kì í ṣe ìfẹ́. Ibi kan ṣoṣo tó dáa jù nínú táǹkì ni àwọn méjèèjì ń dù. Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan lálẹ́ òní. Ẹ mú síkéèlì ìdáná tó ń ka gíráàmù, ẹ gbé abọ́ ike lé e, ẹ jẹ́ kó padà sí òdo, ẹ wá gbé wọn sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó jẹun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún wọ̀n wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí ìrù wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọ̀rá pa mọ́ sí. Ìrù gẹ́kò tí ara rẹ̀ dá máa ń ki tó ọrùn rẹ̀. Tí ti ọ̀kan bá ki bẹ́ẹ̀, tí ti èkejì rí tín-ín-rín, ìjà wà níbẹ̀ bí ẹ ò tiẹ̀ rí i. Ẹ tún wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Èyí tí wọn ò jẹ́ kó dé ibi ìsápamọ́ tó lọ́rinrin, awọ àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́mọ ìka, á fún un pinpin títí ọmọ ìka á fi gé dànù.

Tí ẹ bá sì rí èyí tó gbé ìrù sókè, tó ń jù ú sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́, tó tẹjú mọ́ èkejì, ìhàlẹ̀ ni. Ẹ yà wọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Áà! Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé tèmi yìí ò wá ní máa ṣàárò ẹnì kejì báyìí? Ohun tí Táíwò ń sunkún lé lórí nìyẹn. Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé abo ni lóòótọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣọ́ọ̀bù ni mo gbà gbọ́.

Àǹtí Leeds

Ẹ sọ fún Táíwò pé ọkàn rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n gẹ́kò kì í ṣàárò. Ibi gbígbóná, ibi tútù, ibi ìsápamọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti oúnjẹ lásìkò, ohun tó ń wá nìyẹn. Tó bá fẹ́ kínú rẹ̀ dùn, kó bá a to òkúta àti igi sínú táǹkì, kó máa fi ìrẹ̀ pa mọ́ fún un kó lè máa dọdẹ wọn.

Ní ti akọ àbí abo, ẹ gbé e sínú ike tó mọ́ gaara, ẹ gbé ike náà sókè, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Lókè ihò ìdí, láàárín itan méjèèjì, akọ ní ihò wẹ́wẹ́ tó tò bíi lẹ́tà V tó dorí kodò, ìgbà míì ẹ ó rí nǹkan bí ìda lójú wọn. Nísàlẹ̀ ihò ìdí, níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan méjì á wú síta. Abo lè ní àmì ihò náà fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀, kò sì sí wíwú yẹn. Lára ọmọdé, kì í hàn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ “abo méjì” fi ń di akọ àti abo lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Tí akọ bá sì ti gun abo lẹ́ẹ̀kan, abo á tọ́jú àtọ̀ sára, á máa yé ẹyin ní méjì-méjì léraléra, ẹyin á máa fa kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, kúrò lára rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ooru tí ẹyin leopard gecko bá wà nínú rẹ̀ ló ń sọ ohun tó máa dà. Ní nǹkan bíi 26°C, abo ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ní nǹkan bíi 32.5°C, akọ ló pọ̀ jù. Tó bá tún gbóná jùyẹn lọ, abo á tún pọ̀. David Crews àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas, ní Austin, rí i pé abo tó jáde látinú ooru tó ń mú akọ wá máa ń jà ju abo tó jáde látinú 26°C lọ. Nítorí náà, abo méjì tí wọ́n jọ wà lórí àtẹ kan náà lè yàtọ̀ síra pátápátá nínú ìwà. Ta ló sì lè sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù pé ooru mélòó ni wọ́n fi pa ẹyin náà?

Bọ̀dá Peckham

Mo ti wọ̀n wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 68, èkejì 43, ọjọ́ kan náà la sì rà wọ́n. Ìrù èyí tó kéré ti rí pẹlẹbẹ. Mo ti gbé e sínú àpótí ike títí a ó fi rí táǹkì. Ṣé kí n gbé e wá sọ́dọ̀ dókítà?

Àǹtí Leeds

Bọ̀dá, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí ibi ìsápamọ́ rẹ̀ kan gbóná tó 32°C, kí heat mat náà (ẹní iná tó ń mú táǹkì gbóná) wà lórí thermostat, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ooru kó má pọ̀ jù, ẹ fún un ní omi. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ àwọn afàyàfà, ẹ sì mú ìgbẹ́ rẹ̀ tútù dání kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyà lè jẹ́ ìdí tó fi rù, aràn náà lè wà níbẹ̀.

Bọ̀dá Houston

Ẹ kú ìjíròrò o. Gbogbo ohun tí Àǹtí sọ ni mo fara mọ́, àmọ́ ó kù ẹ̀yà kan: mourning gecko, *Lepidodactylus lugubris*. Abo ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, wọ́n ń yé ẹyin, ẹyin ń di ọmọ, láìsí akọ kankan. Àwọn yẹn ń gbé pọ̀ ní ẹgbẹ́, wọn ò sì ju ìka ọwọ́ lọ. Ìyọnu wọn ni pé bí ẹ bá ra mẹ́ta, ẹ ò ní pẹ́ ní ogún.

Fat-tailed gecko ni mò ń sìn ní tèmi. Ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni, láti Senegal títí dé Cameroon, Nàìjíríà wà láàárín. Òfin kan náà ló de òun náà: gẹ́kò kan, ilé kan. Ẹ máa bi ẹni tó ń tà á bóyá inú igbó ni wọ́n ti mú un tàbí nílé ni wọ́n bí i, torí wọ́n ti kó púpọ̀ láti Togo àti Ghana wá, èyí tó ti inú igbó wá sì máa ń gbé aràn.

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ó ti yé mi. Táǹkì méjì ló kàn. Ẹ wá bá mi dá sí ti owó, ẹ jọ̀ọ́.

Àǹtí Leeds

Heat mat kékeré tó jẹ́ 20 watt, tó bá tiẹ̀ tan láàárọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ní jẹ tó ìdajì unit iná. Thermostat á tún máa pa á, á máa tàn án. Táǹkì tó gùn ní 90cm, tó fẹ̀ ní 45cm, tó ga ní 45cm, á tó fún ẹyọ kan. Ẹ to méjèèjì léra lórí ṣẹ́ẹ̀fù tó lágbára, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n máa gbà.

Ẹ tún rántí pé òfin wà. Animal Welfare Act ti 2006, ní England àti Wales, ka ohun tí ẹni tó ń sin ẹran gbọ́dọ̀ ṣe fún un ní section 9. Ọ̀kan nínú wọn ni pé tó bá yẹ kó wà pẹ̀lú òmíràn tàbí kó dá wà, kí ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún un.

Ẹ lè ra táǹkì àlòkù, àmọ́ onígíláàsì ni kí ẹ rà, kì í ṣe onígi. Kòkòrò àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Cryptosporidium. Kò ní oògùn tó dájú, gẹ́kò tó bá mú á rù títí ìrù rẹ̀ á fi gbẹ bí igi, bleach lásán kì í sì í pa á. Omi gbígbóná tó ń ru èéfín ni kí ẹ fi fọ gíláàsì náà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Igi ń fa omi, ẹ ò lè fọ inú rẹ̀.

Kí ti Kẹ́hìndé kọ́kọ́ wà ní yàrá mìíràn fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀ àti ẹ̀mú oúnjẹ tirẹ̀. Ìrẹ̀ tó bá ṣẹ́kù nínú táǹkì ẹnì kan, ẹ má gbé e fún èkejì. Ti àtijọ́ ni kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ tọ́jú, kí wọ́n tó kan ti tuntun, kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn méjèèjì, torí salmonella, kòkòrò àrùn tó ń da inú èèyàn rú. Tí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ fi àwòrán abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ síbí, mo máa bá yín wò ó.