Ìrìn ọjọ́ 3 lórí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n: níbo la ti máa rí omi?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Àwa mẹ́rin la fẹ́ fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ 3 ní oṣù kìíní ọdún, láti Ìkógòsì, ká gba ìdí omi Àrìnta, ìyẹn omi tó ń dà wálẹ̀ látorí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, ká sì máa sun inú igbó.

Oúnjẹ ò le: gààrí, kúlíkúlí, ẹja gbígbẹ. Omi gan-an ni wàhálà. Lítà kan, kílò kan ni. Lítà 4 lójúmọ́ fún ẹnì kan, kílò 12 nìyẹn fún ọjọ́ 3, a ò tíì di tápólì àti aṣọ òtútù o, ọyẹ́ kì í sì í ṣeré lóru. Ẹni tó wọn kílò 65 ò yẹ kó gbé ju bíi 13 lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀, orúnkún ló máa jìyà ẹ̀ nígbà tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Odò wo ni kì í gbẹ lójú ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀rùn? Omi tó bá rú, a máa fi aṣọ sẹ́ ẹ kó tó di pé a fi oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn inú omi sí i, torí ìdọ̀tí máa ń pa agbára oògùn. Sísè ló dá wa lójú jù, àmọ́ koríko ti gbẹ, iná lè ràn. Ṣé sítóòfù gáàsì kékeré á tó? Ta la sì máa rí ní Ìpólé kí ọdẹ kan lè mú wa lọ?