Gíà mọ́tò wa ń há sí neutral, wíǹgì náà ò tètè padé, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà ẹnjiníà. Mọ́tò Formula Student (ìdíje tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń kọ́ mọ́tò eré-ìje fúnra wọn) la ń kọ́ ní yunifásítì ní UK níbí, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà 600cc la gbé sí i, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ló ń ti gíà, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gé iná púlọ́ọ̀gì díẹ̀ kó tó wọlé, ìyẹn ń ṣe dáadáa tá a bá ń lọ sókè, àmọ́ tá a bá ń bọ̀ láti 2 sí 1, neutral tó wà láàárín ló máa ń há sí, ó ti sú mi! Ṣé ká fi kún agbára afẹ́fẹ́ ni àbí ká jẹ́ kó tì í pẹ́ díẹ̀ sí i?

Wíǹgì ẹ̀yìn náà ń ṣí bíi DRS (wíǹgì ẹ̀yìn tó ń ṣí kí mọ́tò lè sáré sí i) tí Formula 1 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, kì í tètè padé tá a bá tẹ bíréèkì, ẹ̀yìn mọ́tò á wá fúyẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní ká so pípadé wíǹgì náà mọ́ throttle (ibi tá a ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré), èmi ní bíréèkì. Ta ló jàre?