Ẹ gbà mí o: níbo ni mo ti lè rí èròjà ìgbì kẹ́míkà rà l'Abẹ́òkúta kó tó di Ọjọ́bọ̀?

Ọmọ Lísàbí: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, Ọjọ́bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fi han àwọn onídàájọ́ ìdíje pé kẹ́míkà lè ṣe ìṣirò láìsí kọ̀ǹpútà. Ti Belousov àti Zhabotinsky ni mo fẹ́ lò, àpòpọ̀ kẹ́míkà tó ń dá yí àwọ̀ padà lọ-bọ̀, tí ìgbì àwọ̀ sì ń tàn nínú rẹ̀. Ìsọ̀ wo ni kò ní já mi kulẹ̀?

Aláró Ìtòkú: Sódà àti hydrosulphite tí a fi ń po aró kún ìsọ̀ wa, ṣùgbọ́n a kì í ta bromate tí ìgbì náà nílò.

Ìyá Oníbúrẹ́dì: Ọmọ mi, má fi bromate kan búrẹ́dì o. NAFDAC ti fòfin dè é, íìsì tó dára sì tó láti mú ìyẹ̀fun wú.

Ẹ̀gbọ́n Asẹ́rò: Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lọ́dún tó kọjá, mo ra bromate àti ferroin tó ń fún un ní àwọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fi gbogbo ẹnu sọ pé ojúlówó ni, mo pò wọ́n pọ̀ bí ìwé ṣe là á sílẹ̀, mo sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n pupa ni ó pọ́n, kò yí sí búlúù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni òórùn bromine sì mú mi wúkọ́ dọjọ́ kejì. Gbogbo owó oṣù mi ló wọ inú àwo pẹrẹsẹ yẹn. Ẹ má ra ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí kò bá kọ́kọ́ dán an wò lójú yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà: Omi wo lẹ lò, sà?

Ẹ̀gbọ́n Asẹ́rò: Omi kànga ilé wa ni, ó sì mọ́ gaara.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà: Ẹ má bínú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi yẹn ló bà á jẹ́. Chloride, èyí tó wà nínú iyọ̀, a máa pa ìgbì náà, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì ti tó.

Ẹ̀gbọ́n Asẹ́rò: Omi tí bàbá mi mu dàgbà kọ́ ni ẹ máa bú. Jìbìtì ni ọkùnrin yẹn lù mí.

Rìwáyà Láfẹ́nwá: Kí ó ra omi bátìrì, ṣùgbọ́n kí ó ka ara ìgò náà dáadáa, nítorí ásíìdì ni àwọn mìíràn ń pè bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Ìbarà: Ẹ fi ọ̀rọ̀ kànga sílẹ̀. Ẹ po aró methylene blue, glúkóòsì àti sódà sínú ìgò. Bí ẹ bá mì ín, yóò di búlúù, bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, àwọ̀ náà yóò pòórá. Owó kékeré ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà: Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sà, ìyẹn kò dá lọ, kò dá bọ̀, ọwọ́ ẹni tó ń mì ín ló ń bu ọ́síjìn sí i. Ìgbì ló ń ṣe ìṣirò. Ó dà bí iná oko: ibi tó ti jó kò lè tún jó àfi tí koríko bá hù padà, ìdí nìyí tí iná méjì tó bá pàdé fi ń kú pọ̀. Ní 1995, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Steinbock, Tóth àti Showalter rán irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ. Ó ya sí gbogbo ẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan náà, àkókò tó fi dé ibì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì fi mọ ọ̀nà tó kúrú jù. Àmọ́ mìlímítà díẹ̀ ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú kan, àwọn onídàájọ́ lè sùn lọ.

Olùkọ́ Ìbarà: Nígbà tí Belousov rí àpòpọ̀ tó ń dá yí àwọ̀ yìí ní 1951, àwọn olóòtú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì ní irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹ má tètè máa ti àbá àgbà dànù.

Ọmọ Lísàbí: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ iná oko yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn. Mo ti ra páálí ìṣáná mẹ́wàá ní Kútọ̀, n ó sì gún igi wọn sórí amọ̀ bí ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà: Àbúrò, ìṣáná kì í hù padà.

Rìwáyà Láfẹ́nwá: Ṣé wọ́n tiẹ̀ gbà kí ẹ dáná nínú gbọ̀ngàn náà?