Nígbà tí wọ́n bi wá ní ọ̀rọ̀ abẹ́: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ìrírí mi rèé lórí iṣẹ́ ìwádìí tí mo bá yunifásítì kan ṣe. Ẹni tí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò rí, kó jọ̀ọ́ sọ tirẹ̀ náà.

Ọdún 2019 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni. Ibùdó ìwádìí kan ní yunifásítì ọ̀hún ń wá ọmọbìnrin tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí yóò máa wọ ilé dé ilé. Ìbálòpọ̀, ipò ọkùnrin àti obìnrin nínú ilé, ìlera àti àlàáfíà ara ni wọ́n ń wádìí. Nígbà tí mo sọ fún màámi, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ṣé wọ́n ń kọ́ ìyẹn ní yunifásítì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ wa. A ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà la ó fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn, ká fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá gbà, kó fọwọ́ síwèé tàbí kó tẹ̀ka.

Ọ̀rọ̀ ìdábẹ́ ló gba ojú ìwé jù nínú ìbéèrè wa, ó sì nídìí. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2013, Ọ̀ṣun ló ga jù ní gbogbo Nàìjíríà. Nínú 100 obìnrin, àwọn tí wọ́n ti dábẹ́ fún lé ní 70.

Àmọ́ ẹni tó tú ìbéèrè náà sí Yorùbá, Yorùbá inú ìwé ló kọ: "Ǹjẹ́ a ti gé apá kan kúrò lára ẹ̀yà ìbímọ yín ti òde rí?" Èmi náà ń kà á bẹ́ẹ̀, mi ò ro nǹkan kan sí i. Ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn ní Òkè-Baálẹ̀ àti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Obìnrin mẹ́tàlélógún ni mo bi, ogún ló ní rárá. Inú mi dùn gan-an. Mo ní àṣà náà ti ń tán lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ní àdúgbò mìíràn tí mi ò ní dárúkọ, mo dé ọ̀dọ̀ ìyá aláró kan. (Mo gba àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ èyí.) Aṣọ ni wọ́n ń tì bọnú ìkòkò aró, aró sì ti gba ọwọ́ wọn dé ìgúnpá. Mo yọ páàdì tí wọ́n fún wa fún ìtẹ̀ka, wọ́n ní kí n dá a padà sápò. Wọ́n gbé àtàǹpàkò wọn lé ìwé náà bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ̀ jáde ní búlúù. Gbogbo ìlà ọwọ́ wọn hàn, ó mọ́ ju ti tàdáwà lọ.

Mo ka ìbéèrè mi. Wọ́n gbójú sókè.

"Kí lò ń bi mí yìí, ọmọ mi?"

Mo tún un kà.

"Ṣé ìdábẹ́ lo ní lọ́kàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Kí ló wá dé tó ò pè é bẹ́ẹ̀? Àfi bí ẹni ń gé ẹran. Ta ni wọn ò dábẹ́ fún nínú agboolé yìí?"

Wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n dá tàwọn, ìyá wọn ló sọ fún wọn. Ti àkọ́bí wọn, olóólà wá láàárọ̀, ó kán omi ìgbín sí i bí wọ́n ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò dá títí ilẹ̀ fi ṣú. "Aṣọ mẹ́ta ló rin gbingbin lẹ́sẹ̀ mi." Ọmọ náà yè. Nígbà tí wọ́n bí obìnrin kejì, ìyá ọkọ wọn ní kí wọ́n tètè gbé e lọ, pé bí orí ọmọ bá kan idọ́ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ọmọ á kú. Wọ́n pọn ọmọ, wọ́n forí lé ilé olóólà, wọ́n yà sílé ẹ̀gbọ́n wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí títí di ọ̀sán. Wọ́n délé, wọ́n ní àwọn ti ṣe é.

"Ìyá ọkọ mi kú, kò mọ̀. Bàbá wọn ò mọ̀ dòní. Ọmọ yẹn ti bí mẹ́ta, gbogbo wọn ló wà láàyè. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe ọ̀gá wa. Inú kọ́kọ́ bí wọn, torí owó ti jáde. Ìgbà tó yá, wọ́n gbà. A tún ìbéèrè náà kọ: "Ṣé wọ́n dábẹ́ fún yín ní kékeré?" A fi "Ṣé ìyá yín sọ fún yín?" tẹ̀ lé e, nítorí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ò lè rántí. Mo padà sílé àwọn mẹ́tàlélógún yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ogún tó ní rárá, mẹ́rìnlá ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tá a bá dórí ọmọ tiwọn, wọ́n á dákẹ́. Òfin ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ta ló máa wí fún àlejò tó mú bírò lọ́wọ́ pé òun ṣe é? Mi ò bá wọn wí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ò padà lọ jábọ̀ fún wọn. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n kà á ní àpérò, kò sẹ́ni tó lọ sọ ohun tá a rí fún ìyá yẹn. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ fúnra mi. Wọ́n ní, "Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé èmi nìkan ni mo parọ́?" Mo ní rárá o mà, ẹ pọ̀. Wọ́n fà àpótí, wọ́n jókòó.

*Nọ́ọ̀sì kan, Òkèfìà:*
Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ní October 2023, nígbà tí abẹ́rẹ́ HPV, àjẹsára jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, dé, Ọ̀ṣun wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ló wà fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà á. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sọ fún àwọn ìyá pé kòkòrò tí ìbálòpọ̀ ń gbé káàkiri ni. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní ọmọ òun kì í ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ní ohun tó pa àbúrò òun nìyẹn. Òun ló kọ́kọ́ ká ọwọ́ aṣọ ọmọ rẹ̀ sókè. Mo ṣì sọ ti ìbálòpọ̀ fún wọn, mi ò fi pa mọ́, àmọ́ wọ́n ti jókòó.

*Mẹkáníìkì, Alékúwodò:*
Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, lójú àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ó ní ẹni mélòó ni mo bá lò pọ̀ lọ́dún yẹn, ṣé agbára mi ṣì pé. Mo ní ìyàwó mi nìkan, agbára pé. Irọ́ ni ti agbára. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí nǹkan ò lọ déédéé, agbo ni mò ń mu láàárọ̀ lálẹ́. Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ń kú tipiri ni mo tó lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni, pé òun náà ló ń ba nǹkan ọkùnrin jẹ́. Ká ní ọkùnrin ẹgbẹ́ mi ni wọ́n rán wá, tó pè mí sẹ́yìn mọ́tò, mi ò bá ti sọ. Mo wo ọmọ yẹn títí tó fi lọ.

*Ẹni tó kọ̀wé àkọ́kọ́:*
Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Ẹ máa lo oògùn yín o. Ẹ̀yin ọkùnrin ò sí nínú ìwé ìbéèrè tiwa rárá. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa, láìsí orúkọ.