Káàdì Ikú ló jáde sí mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ Tánkẹ̀:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Láti Sátidé ni mi ò ti rí oorun sùn.

Aránṣọ ni mí ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin níbí. Onílé ti fowó kún owó ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn mi sì ń sọ pé kí n kó ẹ̀rọ mi padà sí Ọ̀ffà, sílé bàbá mi, kí n máa ránṣọ níbẹ̀. Mi ò lè pinnu. Ọ̀rẹ́ mi kan wá júwe obìnrin kan fún mi lórí WhatsApp, ó ní ó máa ń fi káàdì táròtì wo nǹkan. Mo san ₦5,000. Ó gba ọjọ́ ìbí mi, ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, ó ní kí n mú nọ́ńbà kan, ó wá ya fọ́tò káàdì tó jáde ránṣẹ́ sí mi.

Egungun òkú ni. Ó wọ ẹ̀wù ogun dúdú, ó gun ẹṣin funfun, ó gbé àsíá dúdú tí òdòdó funfun wà lára rẹ̀. Ọba kan ti ṣubú sábẹ́ ẹṣin, adé ti bọ́ lórí rẹ̀. Ọmọdé kan kúnlẹ̀ níwájú ẹṣin náà. Wọ́n kọ DEATH sísàlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ní nítorí pé Scorpio, ìyẹn ìràwọ̀ Àkekèé, ni ìràwọ̀ ìbí mi, káàdì mi gan-an nìyẹn, pé Pluto tó wà lójú ọ̀run ló ń darí rẹ̀, àti pé ẹnìkan máa kú nílé wa kí ọdún tó parí, bóyá èmi, bóyá màmá mi. Ó ní kí n fi ₦60,000 ránṣẹ́ kí òun fi yí káàdì náà padà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe màmá mi. Mi ò tíì sọ fún wọn. Ṣé kí n san owó yìí? Kí ni káàdì náà ń sọ gan-an?

Ìyá Ìbejì:
Má san kọ́bọ̀, ọmọ mi. Kí o tó ka ìyókù, lọ wá nǹkan jẹ, kí o pe màmá rẹ, kí o gbọ́ ohùn wọn.

Aláṣọ-òkè:
Lọ́dún tó kọjá, irú ẹ̀ ṣe mí. Mo san ₦25,000 nítorí mo ní kí ọkàn mi ṣáà balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó ní nǹkan ọ̀hún ti tún padà wá, kí n mú ₦40,000 wá. Owó òwú ni mo kó fún un, owó òwú aṣọ ìyàwó tí wọ́n ti fún mi ní àsansílẹ̀ rẹ̀. Mo jókòó sídìí òfì tó ṣófo, mò ń sunkún. Jọ̀ọ́, àbúrò mi, má ṣe é.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Àbúrò, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń kọ́ káàdì yìí, mi ò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí obìnrin yẹn ṣe fún ọ dùn mí.

Káàdì 78 ló wà nínú táròtì. 22 ni àgbà káàdì, 56 ni kéékèèké. Èyí tó jáde sí ọ ni ìkẹtàlá nínú àwọn àgbà. Nínú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ láyé àtijọ́ ní Marseille, ní ilẹ̀ Faransé, wọn kì í sábà kọ orúkọ sára rẹ̀ rárá, nọ́ńbà nìkan ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í kà á sí ikú ti ara. Nǹkan tó ti parí, tí ẹni tó ni ín ò tíì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ni wọ́n máa ń kà níbẹ̀: iṣẹ́, ilé, ọ̀rẹ́.

Padà lọ wo fọ́tò yẹn. O sọ ọba, o sọ ọmọdé, o ò sọ ohun tó wà lẹ́yìn wọn. Fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ. Lápá ọ̀tún, lọ́ọ̀ọ́kán, wàá rí ilé gogoro méjì tí oòrùn wà láàrin wọn. Odò ń ṣàn nísàlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan wà lórí rẹ̀. Pamela Colman Smith ló ya àwòrán náà fún Arthur Edward Waite, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1909. Pamela ò fi oòrùn síbẹ̀ lásán.

Ní ti Scorpio, òótọ́ ni pé wọ́n so ó mọ́ káàdì yìí, ṣùgbọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe so ó. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Golden Dawn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1888. Lẹ́tà Hébérù jẹ́ 22, àgbà káàdì náà jẹ́ 22, ni wọ́n bá pín in. Ìràwọ̀ ìbí 12 gba káàdì 12. Pílánẹ́ẹ̀tì 7 tí àwọn ará àtijọ́ mọ̀, tí wọ́n ka oòrùn àti òṣùpá mọ́, gba 7. Afẹ́fẹ́, omi àti iná gba 3 tó kù. Báyìí ni Ikú ṣe bọ́ sọ́wọ́ Scorpio. Mars ló sì ń darí Scorpio nínú ètò tiwọn. Ọdún 1930 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí Pluto lójú ọ̀run, àwòrán káàdì rẹ ti pé ọdún 21 nígbà náà. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí láti nǹkan bí 23 oṣù kẹwàá sí 21 oṣù kọkànlá ni wọ́n so mọ́ ọn. Ṣé gbogbo wọn ló máa sìnkú lọ́dún yìí?

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lo béèrè, kò sì dá ọ lóhùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá sọ pé Tánkẹ̀ ti parí lọ́kàn rẹ, ẹ̀rù ló ń bà ọ́ láti kó ẹrù.

Ọmọ Awo, Ọ̀ffà:
Bí Ọ̀yẹ̀kú bá hù lójú ọpọ́n, ẹni tí kò mọ̀ á gbọ́ "ikú", awo á gbọ́ "ikú yẹ̀". A ó sì tún bi Ifá bóyá ire ni tàbí ibi, ká tó la ẹnu. Awo gidi kì í dédé ju ikú sí ènìyàn láyà.

Àáfà Pàkàtà:
Ọmọ mi, àwọn kan nínú wa náà ń tẹ yanrìn. Àmì 16 ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n sì so wọ́n mọ́ ìràwọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àwọn òyìnbó ti kọ́ ọ. Èmi kì í ṣe é. Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, sọ pé ẹni tó bá lọ bi aríran ní nǹkan, wọn ò ní gba ìrun rẹ̀ fún òru 40. Mi ò fi èyí dẹ́rù bà ọ́. Mo sọ ọ́ kí o má baà padà lọ bi obìnrin náà bóyá ikú tó sọ ti kúrò. Tọrọ àforíjìn, ó tán. Ìràwọ̀ Àkekèé tó ń sọ, Al-Aqrab là ń pè é. Ìràwọ̀ pupa kan wà láàrin rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọkàn Àkekèé. Ọlọ́run ló fi wọ́n síbẹ̀, kò fi ẹ̀mí màmá rẹ lé wọn lọ́wọ́.

Tíṣà Físíìsì:
Àáfà, ẹ ṣeun. Bí a bá tiẹ̀ wo ojú ọ̀run fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ 4 oṣù kọkànlá, iwájú àwọn ìràwọ̀ Libra ni oòrùn wà, kò tíì dé ọ̀dọ̀ Àkekèé. Ilé ayé ń mì lórí ìyípo rẹ̀ bí òkòtó, ìyẹn ló ti sún ọjọ́ wọ̀nyẹn kúrò láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Bí ọ̀sẹ̀ kan péré ni oòrùn ń lò níwájú Àkekèé, ní òpin oṣù kọkànlá.

Aránṣọ Tánkẹ̀:
Mo ti fẹ̀ ẹ́, mo sì ti rí oòrùn náà. Mi ò tiẹ̀ kíyè sí i tẹ́lẹ̀, egungun yẹn nìkan ni mò ń wò.

Mo ti bílọ́ọ̀kì obìnrin náà. Mo pe màmá mi, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ti lo oògùn, kí ló dé tí ohùn mi rí báyìí. Mo sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wálé. Wọ́n pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé fóònù kúrò létí.

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà, àǹtí mi ará Òmù-Àrán náà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ẹni tó ní ọkọ̀ tó lè bá mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti tábìlì ìgéṣọ kan láti Tánkẹ̀ dé Ọ̀ffà?

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò ọkọ mi ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ná Àjàṣẹ́ sí Ọ̀ffà. Mò ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ níkọ̀kọ̀. Má jẹ́ kó gba iye tó bá kọ́kọ́ dá o.