Ẹnu ewé ni, kì í ṣe ihò ewé

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín láti Kétu.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Ìbàdàn ní ká pe àwọn ojú tíntìntín ara ewé (stomata lédè Gẹ̀ẹ́sì), èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí omi sì ń gbà sá jáde, ní "ihò ewé", kí sẹ́ẹ̀lì méjì (ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara ewé) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì máa jẹ́ "ẹ̀ṣọ́". Ẹlòmíràn ní "imú ewé" ló dáa jù. Ẹ jọ̀ọ́, n kò fara mọ́ ìkankan.

Ihò kì í pa ara rẹ̀ dé. Imú náà, tọ̀sántòru ló ṣí sílẹ̀. Èyí tí à ń wá orúkọ fún ń ṣí, ó sì ń padé. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, ẹ̀gẹ́ a tètè pa tirẹ̀ dé kí omi má baà tán lára rẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń gbìn ní Alada, ní ilẹ̀ Benin níbí, òru ló ń ṣí tirẹ̀! "Ẹnu ewé" ni mo dá lábàá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní oúnjẹ ni ẹnu wà fún, ibẹ̀ náà kúkú ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ ń gbà wọlé.

"Ẹ̀ṣọ́" ló ká mi lára jù, nítorí yóò ṣi àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́nà. Ní Akaba Ìdènà, ẹnubodè Kétu àtijọ́, ọ̀tọ̀ ni ìlẹ̀kùn, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Lára ewé, sẹ́ẹ̀lì méjèèjì yẹn gan-an ni ìlẹ̀kùn. Lára ọ̀pọ̀ ewé, bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n, pọ̀tásíọ̀mù, èròjà kan tó máa ń fa omi mọ́ra, a wọ inú wọn, omi a tẹ̀lé e, wọn a wú. Ògiri wọn tó kọjú síra nípọn ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń wú ni wọ́n ń tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, tí àlàfo fi ń là. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, abscisic acid, èròjà tí ọ̀gbìn fúnra rẹ̀ ń ṣe nígbà tí omi bá wọ́n, a pọ̀ nínú ewé, pọ̀tásíọ̀mù a jáde, omi a bá a lọ, sẹ́ẹ̀lì a rọ̀, ẹnu a padé. "Ètè ewé" ni ká pè wọ́n.

Fún ìṣe wọn, "ìlanu" àti "ìpanumọ́". Mo yẹra fún "ìyanu" kí ọkàn òǹkàwé má baà lọ sí iṣẹ́ ìyanu.

Ó ku àgbàdo àti koríko, tí ètè tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín tó sì wú ní ìkángun méjèèjì. Èmi fẹ́ kó jẹ́ orúkọ kan náà, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Kí lẹ rí sí i?